Ìgbì Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2023 ni ilẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. À ń kí ìrun àṣámù lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìkòròdú. Mo forí kanlẹ̀, mo dìde, bí mo ṣe ní kí n yíjú sápá ọ̀tún, nǹkan kan kọ mànà nínú agbárí mi. Kò dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá ṣèèṣì kan wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó, tí gbogbo ara gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́. Mo di èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú. Ó tún kọ mànà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òòyì dé, tí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ń fì lábẹ́ mi bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté.

Àwọn èèyàn ní ààwẹ̀ ni. Ẹni ọdún 72 tó ń gbààwẹ̀ nínú ooru oṣù kẹta, kí ni wọ́n tún fẹ́ pè é? Wọ́n gbé omi àti dàbínù fún mi, wọ́n sìn mí délé. Èmi náà gbà pé ààwẹ̀ ni, nítorí ó wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo jẹun sààrì yó dáadáa, mo mu omi tó pọ̀, síbẹ̀ ó tún dé kí oòrùn tó yọ. Ní òru, àlá bẹ̀rẹ̀, àlá tó mọ́lẹ̀ ju ojúmọ́ lọ. Mo ń rí Alhaja, ìyàwó mi tó ti di olóògbé, ó dúró ní etí omi ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú agbada ẹja lórí, ó ń pè mí pé kí n wá bá òun sọ ẹrù. Màá jí, aṣọ mi á ti tutù fún òógùn. Ní ọ̀sán, ẹkún á ṣàdédé gbọ̀n mí. Ọmọọmọ mi dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀, mo bú sẹ́kún. Ọmọ mi obìnrin sè ọbẹ̀, mo ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, mo jágbe mọ́ ọn débi tí aládùúgbò fi yọjú. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí mọ́ ariwo nínú ilé náà.

Àbúrò mi pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Ọwọ́ ayé wà níbẹ̀." Ó lọ bá àlùfáà kan, ó gbé hàntú wá fún mi nínú ike. Mo mu ún. N kò ní sọ̀rọ̀ hàntú láìdáa láé, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n kọ sára wàláà tí wọ́n fi omi ṣàn, àdúrà sì ni ohun tí mo dì mú ní àwọn òru yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rán nǹkan yìí sí mi. Alẹ́ tí a rí oṣù ààwẹ̀ gan-an ni mo mu ẹyọ oògùn tó kẹ́yìn nínú káàdì, tí n kò sì ra òmíràn. Ọdún méjì ó lé ni mo ti ń mu ún lójoojúmọ́. Mo fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ìfisílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ló ń la á kọjá lábẹ́ orúkọ mìíràn: ibà, ìfúnpá, ebi ààwẹ̀, ogun ilé. Àwọn kan ò sì mọ ohun tó ṣe wọ́n títí dòní.

Ikú Alhaja ló gbé mi dé ìdí oògùn. Ọdún 2020 ló kú, ọdún tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. A ò ju 20 lọ níbi ìsìnkú rẹ̀. Obìnrin tó ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ fún nǹkan bí 30 ọdún, tó yẹ kí gbogbo ọjà dìde fún, a sin ín bí ẹni tí kò ní èèyàn. Àwọn tó yẹ kó wá jókòó tì mí lórí ẹní fún 8 ọjọ́, orí fóònù ni wọ́n ti kí mi. Mo gbà pé ohun tó ṣe mí lẹ́yìn náà wọlé láti ibẹ̀.

N kò sunkún. Ẹni tó bá rò pé àárẹ̀ yìí kò ju ẹkún lọ kò mọ̀ ọ́n. Orí mi ń gbóná. Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà, lábẹ́ awọ. Aago mẹ́ta òru ni màá ti lajú kalẹ̀, tí n kò ní lè sùn mọ́. Ara mi wúwo. Ẹja ò dùn lẹ́nu mi mọ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ẹja ò bá dùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Mo yẹ ìfúnpá wò, mo yẹ ojú wò, mo yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Ìgbà tó pẹ́ ni dókítà kan bi mí pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ rẹ́rìn-ín kẹ́yìn?" N kò rí èsì fọ̀. Òun ló darí mi sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, àwọn yẹn sì kọ sertraline fún mi, 50 mílígíráàmù lójúmọ́.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n pè é. Mo jà sí orúkọ náà nínú ọkàn mi, nítorí létí tèmi, ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì ni ẹni tó jọ̀gọ̀nù, tí kò fẹ́ jà mọ́. Èmi ń jà. Mo wá rántí pé kì í ṣe èmi nìkan ni orúkọ yìí ń da láàmú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn lọ káàkiri àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí lọ́dún 1963. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé Yorùbá kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pàtó fún àárẹ̀ yìí, àmọ́ bí èèyàn bá tú u palẹ̀, tó bi wọ́n nípa àìsùn, nípa kí nǹkan má wuni í ṣe mọ́, nípa ẹkún, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. A mọ ẹ̀ka rẹ̀, a ò sọ igi rẹ̀ lórúkọ.

Oògùn náà ràn mí lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń ka ìwé yìí, kó má baà rò pé mo wá ba oògùn jẹ́. Kò ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ju kí inú máa rìn mí lọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo sùn di ìpè àsùbáà. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo ní kí ọmọ mi bá mi ra ẹja òbòkún. Ó sunkún ní ìdí ààrò nígbà tó ń sè é.

Kí ló wá dé tí mo fi í sílẹ̀? Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ṣe rí. Ìjọba pààrọ̀ owó náírà, tuntun ò tó, wọn ò gba àtijọ́. A ń tò sí iwájú báńkì láti òru. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí á máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún, síbẹ̀ ó pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi fẹ́ owó lọ́wọ́, nítorí owó tí a bá fi fóònù ránṣẹ́ kì í wọlé. Káàdì tó wà nílé wá ń tán lọ. Ara mi sì ti yá, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń lọ sí ìnáwó. Mo bi ara mi pé, oògùn kí ni ẹni tí ara rẹ̀ yá ń mu? Lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀ dé. Mo ní kí n kúkú fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí n jáde nínú oṣù mímọ́ yìí láìgbára lé kóró oògùn kankan. Ìpinnu rere ni lójú mi. Ẹni tó fún mi ní oògùn sọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ bí mo ṣe máa parí rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ apòògùn ní Sábó ló là mí lójú. Oògùn òòyì ni mo lọ rà. Kò tà á fún mi. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí lẹ ń mu tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò mu mọ́?" Gbogbo ẹni tó ti rí mi láti ìgbà tí òòyì ti bẹ̀rẹ̀ ló ń bi mí ní ohun tí mo jẹ. Òun nìkan ló bi mí ní ohun tí mo fi sílẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ó mi orí. Ó ní mànàmáná inú agbárí yẹn, òòyì, àlá, òógùn, ẹkún, ìbínú òjijì, èébì, gbogbo wọn ni àwọn dókítà ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé. Ó ní ara mi ló ń ké nítorí mo fa nǹkan yọ lábẹ́ rẹ̀ lójijì. Ó ní kí n padà sọ́dọ̀ dókítà mi lọ́jọ́ kejì, ó sì bá mi kọ orúkọ oògùn náà sórí ìwé kí n má baà gbàgbé. Mo padà sídìí 50 mílígíráàmù tí mo ń mu. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mànàmáná náà dáwọ́ dúró. Sààrì ni mo ń mu ún títí ààwẹ̀ fi parí. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń mu ún, kò sí ohun tó ní kí ó bá ààwẹ̀ jà rárá. Mo kàn ti ṣèpinnu láì bi ẹnikẹ́ni ni.

Bí mo ṣe ń gbọ́ àlàyé yẹn, àbúrò bàbá mi ni mo rántí. Awakọ̀ ojú omi ni, láyé ìgbà tí ọ̀nà kò tíì rọrùn, tó ń kó èèyàn àti ẹrù gba ojú ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó. Bó bá ti rí èbúté lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, yóò dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, yóò tún dín in kù, a ó máa rọra léfòó lórí omi títí ọkọ̀ yóò fi fẹnu kan igi. Ọmọdé ni mí, mo ní ìfàsẹ́yìn ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sáré débẹ̀ kó tó pa á. Ó ní kí n dúró. Ní àárín agbami, níbi tí ọkọ̀ kankan ò sí, ó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ gbìì. Kí a tó ṣẹ́jú, ìgbì ńlá kan gba ẹ̀yìn gùn wá, omi ya wọnú ọkọ̀, ó rin gààrí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, kò sí ìjì. Ìgbì tí àwa fúnra wa ti ń fà bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, kì í bá a. Bó bá rọra dín eré kù, ìgbì náà á rọra tú ká. Bó bá dúró lójijì, á gùn ún mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá yẹn bú àbúrò bàbá mi títí a fi dé Èkó, ó sì san owó gààrí wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ṣe rí nìyẹn. Oògùn yìí ń jẹ́ kí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní serotonin pẹ́ sí i láàárín àwọn iṣan ọpọlọ. Bó bá ti pẹ́ níbẹ̀, ọpọlọ á tún ilé rẹ̀ tò nítorí àlejò náà. Bí àlejò bá bá fèrèsé jáde lóru, ilé á wà ní títò tí kò bá ẹnikẹ́ni mu mọ́, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oṣù, kí wọ́n tó tún un tò. Gbogbo oògùn tó wà nínú ìdílé yìí kọ́ ló ń jáde bákan náà. Fluoxetine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1987, máa ń pẹ́ lára tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi ń rọra yọ ara rẹ̀, nítorí náà kì í sábà dààmú ẹni tó bá fi í sílẹ̀ tó bí àwọn yòókù. Paroxetine àti venlafaxine kì í pẹ́ lára rárá, ẹni tó bá fo ti ọjọ́ kan péré nínú venlafaxine lè mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn oògùn àtijọ́ bí amitriptyline náà ní tiwọn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo fi 35 ọdún ṣe, ibi tí ìṣirò ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ló sì yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé bí mo bá bu oògùn sí méjì, mo ti dé ìdajì ọ̀nà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, irú 50 mílígíráàmù tèmi yẹn, ti gba nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn àyè tí oògùn náà ń jókòó sí nínú ọpọlọ. Bí ẹ bá mu ìlọ́po rẹ̀, díẹ̀ ló máa fi kún un. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ tí kò níyọ̀: iyọ̀ bíńtín àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹnu máa mọ̀, bíńtín karùn-ún, bóyá ẹni tó sè é nìkan ni yóò mọ̀. Nítorí náà, ìdínkù àkọ́kọ́ máa ń rọrùn, èèyàn á rò pé òun ti já a. Ìkángun rẹ̀ ló le. Láti orí ìdámẹ́rin ẹyọ kan sórí òfo jìn ju láti orí odindi sórí ààbọ̀ lọ. Lọ́dún 2019 ni Mark Horowitz àti David Taylor kọ èyí sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Psychiatry ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kí ìgbésẹ̀ máa kéré sí i bí èèyàn bá ṣe ń súnmọ́ òpin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn aláìsàn lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Láti nǹkan bí 1957 ni irú oògùn yìí ti ń jáde, bẹ̀rẹ̀ látorí imipramine. Ó gba ayé ní ọgọ́ta ọdún ó lé kí wọ́n tó kọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí ohun tí mo rí. Àwọn oníṣègùn ní Jámánì kó ìwádìí 79 jọ, ti ohun tó lé ní 20,000 èèyàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2024. Wọ́n ní nínú ẹni mẹ́fà sí méje tó bá dáwọ́ oògùn dúró, ó tó ẹnì kan tí ìfisílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ máa dà láàmú, nínú 35, ẹnì kan ló máa le fún gan-an. Àwọn mìíràn jiyàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú orí yín ló ti wá bó bá ṣe yín.

Ọ̀rọ̀ bárakú ni àwọn ẹbí mi kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní mo ti di bárakú sí i, wọ́n ní ẹ kò rí i bó ṣe ń gbọ̀n nígbà tí kò rí i mu. Mo lóye ohun tó mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ti di bárakú sí ọtí tàbí sígá ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí i, tó ń fẹ́ kó pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tó lè tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀kùn ilé. Ọkàn mi kò fà sí sertraline rí. Oògùn náà kàn ti mọ́ ara mi lára ni.

Èyí tó tún ṣòroó mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín kí ara máa ké nítorí oògùn tó fi sílẹ̀ àti kí àárẹ̀ àtijọ́ padà. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ ṣìnà. Wọ́n fi oògùn sílẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọn ò sùn, wọ́n ní àárẹ̀ náà ti padà, pé àwọn ò lè bọ́ nínú rẹ̀ títí ayé. Ohun tí dókítà mi kọ́ mi ni pé kí n wo ìgbà tó dé àti ohun tó bá a wá. Ìké ara máa ń dé láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń kó òòyì, mànàmáná, èébì dání, àwọn ohun tí kò sí nínú àárẹ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá dá oògùn padà, á rọ̀ kíákíá. Àárẹ̀ tó ń padà kì í yára bẹ́ẹ̀. Á rọra wọlé bí omi ọ̀sà tó ń kún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, pẹ̀lú ojú tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́. Ní tèmi, ẹja ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: bí ẹja bá ṣì ń dùn lẹ́nu mi, mo mọ̀ pé àárẹ̀ kọ́ ló dé.

Àbúrò mi tún gbé àgbo wá. Mo ní kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, ó ní egbò aṣófẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí igi yìí, nítorí ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀. Àwọn adáhunṣe wa ti ń fi í tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1952, wọ́n yọ èròjà kan jáde nínú ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, wọ́n pè é ní reserpine, aṣófẹ́yẹjẹ tiwa náà sì ní in nínú. Ó ń mú wèrè rọlẹ̀, ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Ó wà nínú Brinerdin, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ti mu fún ìfúnpá rí. Àmọ́ láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n kíyè sí i pé ọkàn àwọn kan tó ń mu ún ń ṣókùnkùn. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó ń gbọ́n serotonin àti àwọn ìbátan rẹ̀ dànù nínú ọpọlọ. Àkíyèsí yẹn wà lára ohun tó mú wọn ronú pé, bí a bá jẹ́ kí èròjà náà pẹ́ sí i ńkọ́? Igi wa lọ́wọ́ nínú ìran oògùn tí mò ń mu. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbo náà, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní mu ún: ohun tó lágbára láti mú ọkàn wálẹ̀ kò yẹ ẹni tó ń gbìyànjú láti gbé ọkàn dúró. Ó gbé e padà sí Ẹ̀pẹ́, kò bínú.

Dókítà ní kí n dúró gbọn-in lórí 50 títí di oṣù keje. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyọ kan lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ààbọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìdámẹ́rin ní oṣù kọkànlá. Ní ìparí ọdún, mo ní kí á yára, mo bọ́ sórí ìdajì ìdámẹ́rin kí ìgbà rẹ̀ tó tó, òòyì padà, mo fi odindi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀. A padà sórí ìdámẹ́rin, a dúró. Pípadà sẹ́yìn yẹn dùn mí ju òòyì lọ. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ ò ṣubú. Àtẹ̀gùn kan lẹ gùn padà." Òun ló ń tọ́jú oògùn, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Apòògùn Sábó ló ń bá wa gé e, ó ní gígé náà kì í dọ́gba tán, ó sì ṣàlàyé pé oògùn tèmi ṣeé gé, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ gé tàbí lọ̀ láé.

Àwọn ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà náà kò ṣòro. Mo dáwọ́ obì dúró lẹ́yìn ìrun alásárì, nítorí kì í jẹ́ kí ojú oorun pọ̀ fún ẹni tí oorun rẹ̀ ti ń já. Mo ń rìn láti ilé lọ sí etí omi Ìpakodò láàárọ̀, kì í ṣe kí n yára, kí ẹsẹ̀ kàn mọ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe bá mi sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ogún lọ́sẹ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dín oògùn kù. Mo sọ fún ẹni mẹ́ta ní mọ́ṣáláṣí pé bí wọ́n bá rí omi lójú mi, kí wọ́n má sá. Nígbà tó bá le, mo máa ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí wọ́n mọ Alhaja, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lambo mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ilé àwọn ará abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé, ó sì ní kí ìbátan kọ̀ọ̀kan bá aláìsàn rẹ̀ wá, láti máa sè fún un, láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà ti wà láti 1907, ṣùgbọ́n ilé àtìmọ́lé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìbátan tó jókòó sẹ́bàá ibùsùn yẹn. Bí mo ṣe ń dín oògùn kù, ọmọ mi ni Àró mi.

Ọ̀pọ̀ kò ní irú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí èmi ń gé oògùn sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ ojú dókítà, GlaxoSmithKline, tó ń ta paroxetine lábẹ́ orúkọ Seroxat, kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà. Owó oògùn fò. Mo ń rí àwọn èèyàn nídìí tábìlì apòògùn tí wọ́n ń ra ẹyọ mẹ́rin, ẹyọ márùn-ún, tí wọ́n á mu ún lónìí, tí wọ́n á fò ó lọ́la kó lè pẹ́. Fífò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dídínkù. Pípa ẹ́ńjìnnì ni, títan án, pípa á, ìgbì á sì máa gùn wọ́n lójoojúmọ́. Ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ rí dókítà ọpọlọ ní Yábà, odindi ọjọ́ kan ni, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó ju owó oògùn lọ. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú ní bọ́ọ̀sì BRT láti 2015, ṣùgbọ́n ó ní ìtìjú. Ọ̀nà Májídun ni a ń gbà kọjá, níbi tí ibùdó ìjọba wà tí wọ́n ń kó àwọn alágbe àti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú lọ, gbogbo ọmọ Ìkòròdú ló sì ti gbọ́ ọ rí pé, bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé ọ lọ sí Májídun. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ dàgbà máa ń ju oògùn nù kí àna rẹ̀ tó rí i. Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe lọ́dún 1916 ni a ṣì ń jogún títí Ààrẹ Buhari fi fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Òfin ti yí padà. Ẹnu wa kò tíì yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu oògùn yìí ló yẹ kó fi í sílẹ̀. Ẹni tí àárẹ̀ náà ti padà wá bá ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, dókítà lè ní kó máa mu ún lọ, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, bí kò ṣe sí àbùkù nínú oògùn ìfúnpá. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀, yálà nídìí oògùn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kó má dúró di ọjọ́ kejì: Yábà wà, LUTH ní Ìdí-Àràbà wà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e lọ.

Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni mo mu èérún tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà, mo wà ní Ẹ̀pẹ́ fún Káyòkáyò, ọdún tí ìlú náà máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin apòògùn, lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ oògùn yìí fún arúgbó tàbí ọmọdé, ẹ sọ bí wọ́n ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ọ́ ní èdè tó yé wọn. Ìwọ tí ò ń kà á, bí káàdì oògùn rẹ bá ku ti ọ̀sẹ̀ kan, má dúró kó tán. Lọ rí dókítà rẹ lọ́la, kí o sì mú ẹnì kan dání.